Ìkarahun Inú Òkúta Bàbá

Omi òkun mu Lájídé dé orúnkún nínú yàrá rẹ̀ ní Ìgbẹ́tì, eérú òkè ayọnáyèéfín sì ń bọ́ láti àjà sínú omi náà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò yà á lẹ́nu. Bàbá rẹ̀, afọ́kùúta tó ti kú láti ọdún mẹ́fà, jókòó lórí ibùsùn, ó gbé òkúta rẹ̀ sórí itan.

Lájídé mọ òkúta náà. Òun ló fẹ́ là lẹ́yìn ìsìnkú kí òun àti Wúràọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, lè pín in. Ó sọ òòlù lu àárín rẹ̀, òkúta fọ́ yángá, ìkarahun àtayébáyé tó ti di òkúta nínú rẹ̀ fọ́ pẹ̀lú. Wúràọlá lọ sókè òkun láìdágbére, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ní báyìí, òkúta náà ti pé padà.

Bàbá ní, “Tún un là. Àmọ́ bí o bá tún fọ́ ọ, mi ò ní òmíràn.”

Lájídé gba òkúta náà, ó ń yí i wò. Eérú àti ẹrẹ̀ òkun ló lẹ̀ mọ́ra, ìpele lórí ìpele. Lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn ìkarahun tó wà láàyè ń ṣí, wọ́n ń pa dé. Awẹ́ méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ, ó sì ní ihò lẹ́nu bíi fìtílà. Okùn kan gba ihò náà jáde, òun ni wọ́n fi di ilẹ̀ mú kí omi má baà gbé wọn lọ. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá yìí dùn mọ́ Lájídé nínú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́.

Ìkarahun kan bi í pé, “Ṣé ìran lo wá wò? Àwọn ará wa wà níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ wà. Etíkun kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń gbé kí ilẹ̀ tó pín sí méjì, tó sún jìnnà síra.”

Lájídé fi èékánná wá ojú ìlà, ibi tí ìpele méjì ti pàdé, ó fi òòlù kàn án, kó, kó. Òkúta là bí ìwé. Ìkarahun wà lápá kan lódindi, àmì rẹ̀ wà lápá kejì. Lẹ́yìn àmì náà ni ilé ìdáná Wúràọlá wà. Ó ń fọ abọ́. Irun rẹ̀ ti funfun.

“Ọ̀gá Olóòlù,” ni Wúràọlá wí, kò wẹ̀yìn. “Ọdún mẹ́fà lo fi wá ojú ìlà?”

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo kánjú.”

“Gbé tèmi wá.”

Lájídé na apá tí ìkarahun náà wà sí i. Okùn yọ láti ihò rẹ̀, ó so mọ́ àtàǹpàkò Wúràọlá, ó so mọ́ ti Lájídé. Bàbá wọn dìde, ó gbọn eérú kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ ti ilẹ̀ bí ẹni tó ń ti ọkọ̀ ojú omi kúrò ní bèbè. Ilé ìdáná náà bẹ̀rẹ̀ sí í sún lọ, díẹ̀díẹ̀, bí èékánná ti ń hù. Wúràọlá padà sídìí abọ́ rẹ̀. Okùn náà ń gùn, kò já.