Ẹja Tí Yóò Bá Awun Gbé

Jẹ́ẹ́dé ni ó ń tọ́jú yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ohun abẹ̀mí ní ilé-ìwé gírámà kan ní Ṣakí. Òun ní í fọ ìgò, òun ní í nu tábìlì. Ọ̀gbẹ́ni Kwábẹ́nà Boádì, ará Gánà, ni olùkọ́ ibẹ̀. Jẹ́ẹ́dé gbọ́ èdè àwọn Aṣántí dáadáa, nítorí Kùmásì ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni ó sì gbé títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Èdè yìí ló sọ wọ́n di ọ̀rẹ́. Bí ó bá ku àwọn méjì nínú yàrá náà, Yorùbá kì í jáde lẹ́nu wọn mọ́.

Nígbà tí òjò ọdún 1982 ń kásẹ̀ nílẹ̀, Boádì ra awun odò méjì lọ́wọ́ apẹja kan létí odò Ògùn, lọ́nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Àpótí gíláàsì ńlá kan wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, tí wọ́n ń kó àfọ́kù ìgò sí. Jẹ́ẹ́dé kó àfọ́kù náà dànù, ó fọ àpótí, ó pọn omi sí i dé ìdajì. Wọ́n to òkúta sí apá kan kí awun lè máa gùn ún yáàrùn. Ó wá ku ẹja. Boádì fẹ́ kí àwọn ọmọ rí ẹ̀dá méjì tí ń gbé inú omi kan, tí ọ̀kan ń yọrí mí, tí èkejì kò sì nílò àtiyọrí.

"Irú ẹja wo ni kò ní bá ikùn wọn lọ?" ó bi Jẹ́ẹ́dé.

"Ẹ jẹ́ ká fi epìyà wò ó."

Epìyà mẹ́wàá tí Jẹ́ẹ́dé kọ́kọ́ rà kò tóbi ju ìka lọ. Nígbà tí yóò fi di òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ìpẹ́ nìkan ló léfòó. Wọ́n gbé àrọ̀ kan wọlé, nítorí àrọ̀ kì í kú bọ̀rọ̀. Àrọ̀ ń jẹ oúnjẹ awun mọ́ tirẹ̀, nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ kejì, ó gé awun kékeré ní ìrù jẹ. Jẹ́ẹ́dé gbé e lọ sílé, ìyá rẹ̀ fi se ọbẹ̀. Apẹja ní kí wọ́n mú òjíjí. Jẹ́ẹ́dé ní rárá, òjíjí á fi gìrì pa àwọn méjèèjì.

Boádì jókòó ti àpótí náà fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń wo bí awun ṣe ń ṣọdẹ. Ó ní ẹja náà gbọ́dọ̀ tóbi ju ohun tí ẹnu awun lè gbà lọ, kó yára, kó má sì jẹ́ oníjà. Ó gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò sá sí. Jẹ́ẹ́dé wá ìkòkò kan tí ẹnu rẹ̀ kò gba awun, ó rì í sísàlẹ̀ omi. Wọ́n wá ra epìyà mẹ́ta tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Lójoojúmọ́, Jẹ́ẹ́dé a wa ekòló, a fún awun jẹ yó, lẹ́yìn náà ni yóò tó fún ẹja ní tiwọn. Oṣù kan kọjá, epìyà mẹ́ta ṣì pé mẹ́ta. Boádì pe gbogbo kíláàsì wá wò ó. Jẹ́ẹ́dé kò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni rédíò kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ kúrò nílùú. Wọ́n ní kò kan àwọn olùkọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti lọ lórí ìwé Boádì láti ọdún méjì, ẹni tó yẹ kó tún un ṣe sì ń fi ọ̀la dá a padà. Nígbà tí àwọn ọmọ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé ọjọ́ wo ló ń lọ, ó wá bá Jẹ́ẹ́dé.

"Jẹ́ kí n sá pamọ́ sí abà ìyá rẹ lóko," ó ní. "Oṣù méjì péré, títí ariwo yóò fi lọ sílẹ̀."

Àsíátù, ìyá Jẹ́ẹ́dé, ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí ọmọ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Nígbà tí wọ́n lé wa ní Kùmásì, ta ló fi wá pamọ́?"

"Òun kọ́ ló lé wa, Ìyá."

"Mo mọ̀ pé òun kọ́. Ta ló fi wá pamọ́? Obìnrin tí a jọ gbé ilé kan fún ọdún méjìlá, tí mo gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀, ìkòkò mi tí yóò kù fún un ló ń wò. Bàbá rẹ kú sínú lọ́rì, a sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní ìlú tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí mo bá ní kí n lọ síbi sàréè rẹ̀ lónìí, ọ̀nà wo ni n ó gbà?"

Jẹ́ẹ́dé náà wà lára àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ ọjọ́ náà. Ó mọ̀ pé bí òun bá tún bẹ ìyá òun lọ́jọ́ kejì, yóò gbà, nítorí kì í kọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Kò bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìgbà náà, tí àwọn èèyàn bá ń sọ pé ìyá rẹ̀ le, kò lè sọ fún wọn pé apá kan nínú ọkàn òun ti gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ó sọ fún Boádì pé òrùlé abà ti wó.

"Ó dáa," Boádì ní. Ó wá sún mọ́ àpótí gíláàsì. "Má jẹ́ kí ebi pa àwọn awun. Bí wọ́n bá ti yó, wọn kò ní yọ ẹja lẹ́nu. Kí o sì máa pààrọ̀ omi."

"Mo ti gbọ́, sà."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Jẹ́ẹ́dé pè é ní sà nígbà tí wọ́n ń sọ èdè Aṣántí. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó bá a gbé báàgì rẹ̀ dé ibùdókọ̀. Ọyẹ́ mú gan-an. Ọkọ̀ Ìbàdàn gbé e lọ.

Lẹ́tà dé nínú oṣù kẹfà, láti ọwọ́ àbúrò Boádì obìnrin ni. Ó ní wọ́n ti ti bodè pa nígbà tí ẹ̀gbọ́n òun dé Èkó, ọjọ́ méjìlá ni ó fi sùn sórí ilẹ̀ ní èbúté kó tó rí ọkọ̀ ojú omi wọ̀. Ikọ́ ni ó gbé délé. Ó kú ní oṣù kẹta. Ó ti sọ orúkọ Jẹ́ẹ́dé fún òun, ìdí nìyẹn tí òun fi kọ̀wé.

Jẹ́ẹ́dé kó awun àti ẹja sínú garawa méjì, ó wọkọ̀ lọ sétí odò Ògùn, ó sì tú wọn sílẹ̀. Nígbà tó padà délé, ó ka lẹ́tà náà fún ìyá rẹ̀. Àsíátù ní kó tún un kà. Lẹ́yìn náà, ó wọ yàrá lọ, kò sì jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Àsíátù din mọ́sà agbada kan fún sàráà, ó pe áfáà àdúgbò àti àwọn ọmọ kéú. Áfáà kò béèrè ẹ̀sìn òkú. Orúkọ ló béèrè.

"Kwábẹ́nà," ni Jẹ́ẹ́dé wí.

Áfáà pè é, ṣùgbọ́n kò já gaara lẹ́nu rẹ̀. Jẹ́ẹ́dé tún un pè.

"Ọmọ ta ni?"

Ọdún mẹ́rin ni Jẹ́ẹ́dé fi bá Boádì ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà, kò bi í ní orúkọ baba rẹ̀ rí, kò sì mọ̀ bóyá Boádì ni. Ó wo ìyá rẹ̀. Ilẹ̀ ni Àsíátù ń wò.

"Ẹ ṣáà máa ṣe é lọ," obìnrin náà ní.

Áfáà ṣàdúrà, wọ́n ṣe àmín. Àwọn ọmọ kéú pín mọ́sà, wọ́n lọ. Jẹ́ẹ́dé kò fi ọ̀kan kan ẹnu, ìyá rẹ̀ kò sì ní kó jẹ.