Ọwọ́ Tí Fúnmilọ́lá Nà Sókè

Ràṣídátù agbẹ̀bí ló ni ilé ìgbẹ̀bí kan ṣoṣo tó wà ní Àsin. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń fún un ní oògùn, àwọn náà ló ń sanwó nọ́ọ̀sì tó ń bá a ṣiṣẹ́. Àwọn obìnrin ń ti oko wá bímọ níbẹ̀, àwọn tí ọmọ ti tó sì ń gba abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Fúnmilọ́lá pàápàá, kánsẹ́lọ̀ ètò ìlera, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti ń gbà á látìgbà tó ti bí ọmọ kẹta. Ọkọ rẹ̀ kò gbọ́ sí i.

Lọ́dún 2005, ọ̀rọ̀ owó tí ìjọba ń ná sí ilé ìgbẹ̀bí náà dé ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Olúkáyọ̀dé, àgbà láàrin àwọn kánsẹ́lọ̀, fọwọ́ lu tábìlì.

"Ṣé owó ìjọba la ó fi máa kọ́ ìyàwó oníyàwó ní ìṣekúṣe ni? Ẹni tó bá fẹ́ dínà ọmọ, kó fi owó ara rẹ̀ ṣe é. Kánsẹ́lọ̀ ìlera, kí lẹ rí sí i?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Fúnmilọ́lá. Ohun tó yẹ kó sọ wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ já. Bó bá gbèjà Ràṣídátù, wọn ò ní ṣàì bi í bó ṣe mọ iṣẹ́ obìnrin náà. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá fara mọ́ àbá Olúkáyọ̀dé nawọ́ sókè, òun náà nawọ́.

Wọ́n kó nọ́ọ̀sì kúrò, oògùn sì tán. Fúnmilọ́lá ń yọ́ lọ gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ ní Adó, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n.

Ìyàwó àgbẹ̀ kan wà ní Àsin, Àníkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀ pé ara rẹ̀ kò gba oyún mọ́. Kò rí abẹ́rẹ́ gbà, oyún sì dé. Lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya, Ràṣídátù kò sì ní oògùn tí yóò fi dá a dúró. Orí ọ̀kadà ló ti gbá a mọ́ra títí dé ilé ìwòsàn ní Ọ̀yẹ́. Àníkẹ́ yè é, ṣùgbọ́n ọmọ kú, wọ́n sì yọ ilé ọmọ.

Fúnmilọ́lá gbọ́. Ó forí lé Àsin. Bí Àníkẹ́ ṣe rí i, ó fẹ́ kúnlẹ̀.

"Ìyá kánsẹ́lọ̀, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ rántí wa. Ẹ bá wa bẹ ìjọba o."

"Má kúnlẹ̀ fún mi. Èmi náà wà lára àwọn tó ní kí wọ́n má fún Ràṣídátù ní nǹkan kan mọ́. Bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi ń gba abẹ́rẹ́ náà."

Àníkẹ́ tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ̀yin ń gbà á?"

"Mò ń gbà á."

"Ẹ sì nawọ́?"

Kò dúró gbèsì. Ó wọlé, ó tilẹ̀kùn. Omi bọ́ lójú Fúnmilọ́lá. Ràṣídátù tó jókòó nítòsí mi orí.

"Ẹ máa lọ ulé, Ìyá kánsẹ́lọ̀. Ibi tọ́rọ̀ ti bà jẹ́ kọ́ nìyí, ìpàdé yín ni."

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Fúnmilọ́lá dìde, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ti ara rẹ̀ pa mọ́. Àwọn kan pòṣé, àwọn kan wolẹ̀. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, kí wọ́n tó gbà kí nọ́ọ̀sì padà, kí oògùn sì tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ ti dé etí ọkọ rẹ̀ kó tó délé. Bó ṣe kí i, ọkùnrin náà kọ ẹ̀yìn sí i.

Bí ó bá lọ bẹ ilé ìgbẹ̀bí wò báyìí, àwọn obìnrin a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọpẹ́ náà a máa gún un bí ẹ̀gún. Àníkẹ́ ní tirẹ̀, bó bá rí i lókèèrè, ọ̀nà oko ló ń yà sí. Fúnmilọ́lá kì í pè é.