Ààrò Adelheid

Adelheid Ruppen fi ṣóńṣó ọ̀bẹ họ nǹkan dúdú kan kúrò lára tánganran, ó gbé e sún mọ́ imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, lórí sìmẹ́ńtì tó tutù rinrin, ó sì bú èébú kan tí ìyá rẹ̀ kò ní gbà láéláé pé ọmọ òun mọ̀. Wàràkàṣì ni. Wàràkàṣì tó jóná di èédú, tó kán wọ àárín àwọn irin rẹ̀, tó wá gan mọ́ ibi tí kò yẹ kí ohunkóhun kàn.

Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe irin agbooru yìí. Iṣẹ́ tí irin náà ń ṣe kò ṣòroó ṣàlàyé. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ẹ́ńjìnì tó ń fà á á yí padà, á máa pèsè iná mànàmáná dípò kó máa jẹ ẹ́, ìyẹn gan-an ló sì ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn tí kò fi ní sáré pa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná yẹn gbọ́dọ̀ ríbi gbà. Inú àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyí ló ń gbà. Wọn á pọ́n rẹ̀rẹ̀, fáànù á sì fẹ́ ooru wọn dànù. Bíréèkì àtijọ́, èyí tí ń fi irin há táyà mọ́ra, á máa sinmi. Irú rẹ̀ wà níbòmíràn tipẹ́, àmọ́ tiwọn wúwo, ó sì máa ń sán bí yìnyín bá dà lé e nígbà tó gbóná. Ti Adelheid fẹ́lẹ́, ó ń tẹ̀ láì dá. Ó tò ó sínú àwọn àpótí tí èèyàn lè fà jáde láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bí ẹni fa àpótí ara tábìlì, kí awakọ̀ lè yọ èyí tó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà láì wá irinṣẹ́ kankan. Àpótí yẹn ló fi ń yangàn jù lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ kan tó kó àwọn ọmọ ilé ìwé bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti lọ yọ̀ lórí yìnyín ń sọ̀ kalẹ̀. Àpótí ìsàlẹ̀ bú gbàù, iná tàn yẹ̀rì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ sì já lọ. Awakọ̀ fi bíréèkì àtijọ́ àti bíréèkì ọwọ́ dá a dúró lẹ́nu ihò òkè. Kò sẹ́ni tó kú. Ọmọbìnrin kan dá lápá. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí Adelheid kí ní abúlé tí kò kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án òní ni ìgbìmọ̀ rélùwéè náà yóò jókòó láti yọ irin agbooru rẹ̀ kúrò lára gbogbo ọkọ̀ wọn.

Àwọn àgbà ní ìbínú kò da nǹkan fúnni. Ó dájú pé àwọn àgbà yẹn kò bá wàràkàṣì nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn rí. Adelheid dìde, ó mú ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ bó ṣe wà, ó sì gba inú ọgbà kọjá lọ sí yàrá àwọn awakọ̀.

Kọfí ni wọ́n ń mu, pẹ̀lú búrẹ́dì dúdú. Ó gbé ọ̀bẹ náà kalẹ̀ sáàárín ife wọn, èédú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó bi wọ́n pé ta ló ń dáná nínú bíréèkì òun. Ọ̀kan nínú wọn ń wo yìnyín lójú fèrèsé bí ẹni tí kò rí i rí láyé.

Erwin Bumann ló sọ̀rọ̀ níkẹyìn. Òun ni olórí àwọn awakọ̀, àga kan náà lòun àti Adelheid jókòó lé nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò tilẹ̀ fi pamọ́. Ó ní láti ìgbà òtútù tí irin náà ti dé ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí ọkọ̀ tó kẹ́yìn lálẹ́ bá gúnlẹ̀ nísàlẹ̀, wọn á fa àpótí ìsàlẹ̀ jáde nígbà tí irin rẹ̀ ṣì pọ́n, wọn á gbé ìlàjì wàràkàṣì lé orí ẹsẹ̀ irin tí wọ́n jó mọ́ra fún un, bí ojú rẹ̀ bá ti yọ́, wọn á họ ọ́ sórí ànàmọ́. Ó ní kò sí ilé oúnjẹ ní gbogbo àfonífojì yìí tó ń yan án dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Ààrò Adelheid.

"Ìyìn la fi ṣe," Erwin wí.

Ìyìn. Adelheid wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn géńdé tí wọ́n fi ẹ̀mí èèyàn sí lọ́wọ́ lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ń kán ọ̀rá sórí ohun tí ẹ̀mí náà rọ̀ mọ́. Ó bi wọ́n pé ta ló wa ọkọ̀ àṣekẹ́yìn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìjàǹbá náà.

Oswald Imboden na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. Irun rẹ̀ ti funfun, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ ló yẹ kó fẹ̀yìn tì. Òun náà ló wa ọkọ̀ àwọn ọmọ yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Èmi ni. Ó kán díẹ̀. Mo rò pé mo ti nù ún tán."

"Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló kún inú ọkọ̀ yẹn, Bàbá Oswald."

"Mo mọ̀," ni baba náà wí. "Èmi ni mo ń gbọ́ igbe wọn lẹ́yìn mi."

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ kó mú ọkàn Adelheid rọ̀ kò tíì rí i níbi tó ti ń gba ẹ̀gàn fún ohun tí kò ṣe. Ó ní kí baba náà bá òun gòkè lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Oswald fẹ́ dìde, àmọ́ Erwin gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó mú un jókòó padà, ó sì tẹ̀ lé Adelheid jáde sínú òtútù.

"Tí o bá dárúkọ rẹ̀, wọ́n á lé e láì fún un ní nǹkan kan," ló wí. "Lẹ́yìn ogójì ọdún. O mọ Kalbermatten, alága wọn."

"Tí mi ò bá dárúkọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á yọ irin yẹn kúrò." Erwin gbọn yìnyín kúrò léjìká. "Orí rẹ pé. Wàá ṣe òmíràn."

Ọ̀kò ì bá sàn ju ọ̀rọ̀ yẹn lọ. Iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá, Erwin sọ ọ́ bí ẹni ní kí ó lọ din ẹyin mìíràn. Adelheid yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó ti ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, ó bá ara rẹ̀ ṣe àdéhùn kan: òun á sọ ohun tó ba irin náà jẹ́, òun ò ní sọ ẹni tó bà á jẹ́. Ó dá a lójú pé èyí yóò tó. Òótọ́ ni, ó sì wà lẹ́nu ọ̀bẹ.

Dókítà Kalbermatten, alága ìgbìmọ̀, ló ni hótẹ́ẹ̀lì méjì tó ga jù lórí òkè náà. Kò wọ iwájú ọkọ̀ ojú irin rí àfi lọ́jọ́ tí wọ́n yàwòrán rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ti tẹ ìpinnu wọn sórí ìwé kí Adelheid tó wọlé. Ó rí ojú ìwé náà níwájú rẹ̀, ó sì ka orúkọ ara rẹ̀ ní ìdoríkodò. Síbẹ̀ ó ṣàlàyé. Ó fi èédú náà hàn wọ́n, ó sọ bí ọ̀rá ṣe jóná mọ́ tánganran tó ń dá iná dúró, bí iná ṣe gba orí èédú náà fo lọ sí ara ọkọ̀. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọn ọkùnrin náà ń wo ara wọn lójú, ọ̀kan sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Wàràkàṣì," ni Kalbermatten wí. "Ta ló yan án?"

Adelheid ní orúkọ kọ́ ló ṣe pàtàkì.

"Wàràkàṣì tí kò sẹ́ni tó ni ín." Alága yíjú sí àwọn yòókù, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ rí i, mo sọ fún yín. Ìyáàfin yìí kúkú jẹ́ ọmọ wa, àánú rẹ̀ ṣe wá, a jẹ́ kó fi àwọn ọkọ̀ wa dánra wò. Ó ti tó." Ó ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ ẹni tó ṣe irin náà ni àbùkù rẹ̀ ti wá.

Bíìrò náà ti kan ìwé. Adelheid gbọ́ bó ṣe ń ha ojú rẹ̀. Gbogbo òru tó fi yí irin lọ́wọ́, gbogbo ìgbà tí wọ́n bi í nínú yàrá yìí kan náà pé ṣé ọkọ rẹ̀ ló bá a ṣe ìṣirò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ padà wá sí i lọ́kàn.

"Oswald Imboden ni," ló wí.

Ẹyin lohùn. Ó ti balẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e yá ju bí ó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ránṣẹ́ pe Oswald, ó dé tòun ti fìlà lọ́wọ́, ó sì dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn kí bàtà rẹ̀ tó tutù má bàa ba rọ́ọ̀gì wọn jẹ́. Wọ́n bi í bóyá òótọ́ ni. Ó ní òótọ́ ni. Kalbermatten lé e níbẹ̀, láì dìde, ó fa ìwé àkọ́kọ́ ya, ó ní irin agbooru kò ní kúrò, ó tún bọ Adelheid lọ́wọ́ bí ẹni pé òun gan-an ló ti ń jà fún un láti àárọ̀. Adelheid bá Oswald lórí àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ lára ògiri. Adelheid ti múra sílẹ̀ fún èébú. Ó ti mú èsì tirẹ̀ dání pàápàá.

"Wọn ò wá ní yọ ọ́ mọ́?" ni baba náà béèrè.

"Wọn ò ní yọ ọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì ń lọ.

Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni Adelheid wọ̀ lọ sílé rẹ̀ nísàlẹ̀ àfonífojì. Ó jókòó sínú yàrá ọkọ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn ẹ́ńjìnì gan-an. Ó ti borí, inú sì ń bí i síbẹ̀, sí Erwin, sí alága, sí baba tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń nu ọ̀rá, sí ara rẹ̀. Ọkọ̀ kúrò, ó tẹ orí ba sí ìsàlẹ̀. Adelheid ń retí kí fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Fáànù kò kùn. Igbe irin lórí irin ló gba etí rẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ni òórùn jíjó dé. Ọkọ̀ náà ń rìn bí aláìsàn. Nígbà tí wọ́n dé ibùdó àkọ́kọ́, ó dúró, kò sì lọ mọ́. Agbowó-ọkọ̀ ń lọ láti yàrá ọkọ̀ kan dé òmíràn, ó ń bẹ àwọn èrò, ó ní táyà gbóná, kí wọ́n ní sùúrù.

Adelheid bọ́ sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ya yìnyín lọ sí iwájú. Erwin ló ń wa ọkọ̀. Kò ṣí fèrèsé àfi ìgbà tó kan án lẹ́ẹ̀kejì.

"Kí ló ṣe bíréèkì mi tí o ò lò ó?" ni Adelheid béèrè. "Wọ́n ti fọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò."

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Lò ó nígbà náà."

"Òfin wà. Awakọ̀ ló ń yan èyí tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ sí." Erwin kò gbé ohùn sókè. "Gbogbo wa la ó máa yan bíréèkì àtijọ́ yìí."

Adelheid bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan fún un: iye ìgbà tí wọ́n dán an wò, ìwọ̀n ooru tó lè gbà, ọ̀nà tó gùn ju èyí lọ tó ti sọ̀ kalẹ̀ láì ní wàhálà. Ó rán an létí pé gbogbo ìyẹn ló kà fún wọn ní yàrá awakọ̀ lọ́jọ́ tí irin náà dé, tí wọ́n sì gbà.

"A ò gbà," ni Erwin wí. "Ìgbà tí o jáde tán, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án nínú wa. Oswald ló kọ́kọ́ wà á sọ̀ kalẹ̀. Ó wà á lóun nìkan fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó ní ọmọ Ruppen ni, kò lè purọ́ fún wa. Òun ló mú wa níkọ̀ọ̀kan, tó di ọwọ́ wa mú lórí rẹ̀." Ó fa fèrèsé padà.

Adelheid padà sí àyè rẹ̀. Ọdún kan gbáko ló ti ń rò pé ìṣirò òun ló yí wọn lọ́kàn padà.

Ìyá àgbà kan tó jókòó kọjú sí i, tó gbé apẹ̀rẹ̀ lé itan, tẹ̀ síwájú.

"Ọmọ mi, ṣé ọkọ̀ yìí ti bàjẹ́ ni?"

"Rárá, mà. Kò sóhun tó ṣe é."

"Kí la wá ń dúró dè?"

Adelheid yíjú sí fèrèsé. Èéfín ń gòkè láti ara táyà. Lókè èéfín náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì, àwọn àpótí rẹ̀ wà nípò wọn, ó pé, ó mọ́, gbogbo rẹ̀ tutù. Yìnyín ń bọ́ sórí ilẹ̀kùn wọn, kò sì yọ́.