Àmín Tí Fáòsíátù Kò Gé

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kọ̀ǹpútà mọ ojú àgbà. Èyí tí Fáòsíátù fi ń gé fíìmù tò ní Ìlá lọ́dún 1998, alágídí gbáà ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ètò tuntun tí wọ́n fi ń gé fíìmù sí i láti Ìlọrin ni, ètò ọ̀hún sì yí gbogbo ohun tó ti tò sílẹ̀ padà. Àwòrán ńlá tó mọ́ kedere nìkan ló ń fẹ́ gbé jáde. Bẹ́ẹ̀ fíìmù yìgì ìyàwó tuntun kan, Jàmíátù, gùn, àyè inú kọ̀ǹpútà ò sì gbà á.

Fíìmù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àṣàkẹ́, ìyá àgbà tó bí ìyá Jàmíátù, ló tọ́ ọ dàgbà ní Ìrèsì. Ẹsẹ̀ tó kán ni ò jẹ́ kí wọ́n lè wá síbi yìgì, ohun tó sì ń dùn wọ́n jù ni pé àwọn ò gbàdúrà lé ọmọ àwọn lórí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sunkún rẹ̀, àwọn ni Fáòsíátù sì ń gé fíìmù náà fún.

Fáòsíátù rò ó títí. Tó bá yí ètò náà sí àwòrán kékeré, gbogbo rẹ̀ á wọlé, ṣùgbọ́n ojú ìyàwó á ṣe bàìbàì, ìyá àgbà ò sì kúkú ríran dáadáa. Ó bá fi àwòrán ńlá sílẹ̀, ó gé àdúrà àwọn àlùfáà kúrò, nítorí òun ló gùn jù. Nígbà tó kan àmín, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ta ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ gé àmín dànù? Ó fi gbogbo wọn sílẹ̀ síbi tí wọ́n wà.

Ìgbà tí òun àti Jàmíátù gbé kásẹ́ẹ̀tì dé Ìrèsì, tí wọ́n tan fídíò, ló tó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹnì kan kéde nínú fíìmù pé kí ẹni tó ni ọkọ̀ tó dínà wá gbé e kúrò, gbogbo èrò dáhùn pé àmín. Wọ́n ní oúnjẹ ti délẹ̀, àmín. Jàmíátù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ojú ti Fáòsíátù. Ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ ìyá pé òun lòun gé àdúrà.

Ìyá ò bínú. Wọ́n ní kó dá fídíò padà síbi tí ìyàwó ti kúnlẹ̀, kó dá a dúró níbẹ̀. Wọ́n fa Jàmíátù mọ́ra, wọ́n gbọ́wọ́ lé e lórí.

"Ilé ọkọ á tù ọ́ lára."

Fáòsíátù yára tẹ fídíò. "Àmín," ni èrò inú tẹlifíṣọ̀n dáhùn. Ó tún dá a dúró.

"Bí mo ṣe tọ́ ọ yè, bẹ́ẹ̀ ni wàá tọ́ ọmọ tìrẹ yè."

"Àmín," ni wọ́n tún dáhùn, tàlùfáà tèrò.

Báyìí ni wọ́n ṣe é títí àmín fi tán. Ìyá nu ojú, wọ́n ní àwọn náà ti débi yìgì báyìí.