Ìjókòó Sọ́rì

"Ó ku ẹyọ kan!" Kirsten fi ìka lu bọ́ọ̀dù. "Ìgbà wo la tún máa ń sọ pé sọ́rì?"

Àwọn ọmọ ti dárúkọ mẹ́rin. Tí èèyàn bá tẹ ẹlòmíì lẹ́sẹ̀. Tí a kò bá gbọ́ ohun tí ẹnìkejì wí. Tí ọlọ́jà bá fẹ́ sọ fún wa pé búrẹ́dì ti tán. Ìkẹrin ni ti ìjọba, tí wọ́n fi tọrọ àforíjì nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà àwa ọmọ onílẹ̀. Inú Kirsten ń dùn bó ṣe ń kọ wọ́n sílẹ̀. Olùkọ́ tuntun ni, ọmọ Melbourne, kò tíì pé oṣù méjì tó dé Alice Springs, ìlú wa láàárín Ọsirélíà.

Valda, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, jókòó lẹ́yìn kíláàsì, ó ń gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù tí kò nílò gbígbẹ́.

"Ti òkú ńkọ́?" ni Latrell tó jókòó níwájú wí. "Téèyàn bá kú, gbogbo wa á kó jáde nílé, a á lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyẹn gan-an ni sọ́rì. Eré lásán ni àwọn tó kù."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kirsten yíjú sí ọmọbìnrin tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ó pe orúkọ rẹ̀ pé kó wá kọ ti Latrell sórí bọ́ọ̀dù.

Ẹ̀rín dá wáí. Orúkọ kan náà ni ọmọ yẹn àti ẹ̀gbọ́n Valda tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ń jẹ́. A kì í pe orúkọ òkú tuntun, èmi náà kò sì ní pè é níbí. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni gbogbo kíláàsì ti ń pe ọmọ náà ní Kwementyaye, bí a ṣe máa ń pe ẹnikẹ́ni tó bá bá òkú jẹ́ orúkọ kan náà. Valda ló yẹ kó sọ fún olùkọ́, kò sì sọ.

Ọmọ náà kò wo Kirsten. Valda ló kọjú sí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Anti. Ṣé ẹ ti lọ jókòó?"

"Wọn ò tíì lọ," ni Latrell dáhùn. "Ìyá àgbà mi ní ẹ̀rù ń bà wọ́n."

"Pa ẹnu ẹ dé!" ni Valda jágbe mọ́ ọn.

Nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, Kirsten wá bá Valda. "Anti Valda, ẹ má bínú, mi ò mọ̀. Ta ló kú?"

"Ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló tọ́ mi."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ sì ń wá síṣẹ́ lójoojúmọ́?"

Valda gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀. Ó sọ ọ́ tán pátá. Ọdún mẹ́rin ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi gbé ìlú yìí nítorí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún tó kẹ́yìn, ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀bẹ̀ fún: "Gbé mi dé abúlé wa lọ́jọ́ kan péré, kí n fẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀ wa." Valda ló ní mọ́tò. Ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Táyà ò dáa. Ọ̀nà ò dáa. Ọjọ́rú kan ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

"Mo fi òdòdó ránṣẹ́. Mo kọ sọ́rì sórí fóònù. Màmá Noreen, àbúrò ìyá mi, ló dá mi lóhùn: 'Fóònù ò lójú tó lè fi sunkún. Gbé ara ẹ wá.'"

"Ẹ̀rù kí ló wá ń bà yín? Ṣé wọ́n máa nà yín ni?"

"Bóyá. Ẹni tó yẹ kó tọ́jú olóògbé nígbà ayé ẹ̀ tí kò ṣe é, ó gbọ́dọ̀ lọ tẹrí ba fún ọ̀pá àwọn ẹbí. Nínà ò bà mí lẹ́rù. Kí wọ́n má wo ojú mi ló ń bà mí lẹ́rù. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa sin ín. Tí mi ò bá dé kó tó dìgbà yẹn, mi ò lẹ́bí mọ́."

Kirsten wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri. "Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀," ló wá sọ. "Ẹ máa lọ. Màá dá kíláàsì ṣe."

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí Valda fi ra ìyẹ̀fun, tíì àti ṣúgà fún àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ ní ilé epo, ó sì wa mọ́tò fún wákàtí mẹ́rin. Táyà náà ò jò. Ìyẹn dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Àwọn obìnrin jókòó lábẹ́ tapólì lẹ́yìn abúlé, ẹfun ọ̀fọ̀ lójú wọn. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Valda rìn dé iwájú Màmá Noreen, ó kúnlẹ̀, ó tẹrí ba.

Ọ̀pá Màmá Noreen bà á léjìká lẹ́ẹ̀kan. Ó dùn ún wọra. Lẹ́yìn náà ni apá ìyá náà wé mọ́ ọn lọ́rùn, igbe sì bẹ́ lẹ́nu gbogbo wọn pa pọ̀, tirẹ̀ náà wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, Màmá Noreen sún díẹ̀ lórí ẹní láti fún un láyè.

"Bọ́ bàtà ẹ," ló wí.

Valda bọ́ ọ. Ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ erùpẹ̀ pupa náà. Ó gbóná, ó sì kúnná, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó jókòó.