Ọkọ̀ Tí Kò Kọjá Ìdènà

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọjọ́ kẹjọ tí a sin Sìdíkù ọkọ mi ni mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ tàkàbá nígbà náà, oṣù mẹ́rin ó lé ọjọ́ mẹ́wàá tí opó mùsùlùmí kò gbọdọ̀ jáde nílé. Àwọn àgbà ilé jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn fèrèsé mi, wọ́n rò pé ẹkún ti dí mi létí. Wọ́n ní ìyàwó kì í kúrò nílé ọkọ, ọkọ̀ tí olóògbé fi sílẹ̀ náà kò sì gbọdọ̀ kúrò. Wọ́n ní kí Gbàdàmọ́sí, àbúrò Sìdíkù, ṣú mi lópó, kí ó sì máa wa ọkọ̀ náà. Gbàdàmọ́sí kò sọ pé òun fẹ́, kò sì sọ pé òun kọ̀. Èmi ka dídákẹ́ rẹ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni.

Ọkọ̀ tí wọ́n ń wí yìí, báṣé ni, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí a fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Òyìnbó kan tó ń ra èkùrọ́ ló kọ́kọ́ ni ín. Nígbà tí Dàhòmì gba òmìnira tí òyìnbó náà ń palẹ̀ mọ́, ó fi í sílẹ̀ fún Sìdíkù tó ń wà á fún un. Ọkọ̀ náà ti gbó kọjá ààlà. Ọdún mẹ́ta la fi ń tún un ṣe nínú àgbàlá wa, mo sì mọ ìdí tí mo fi ní "la". Ọwọ́ Sìdíkù tóbi, kì í wọ ibi tóóró, tèmi ni ó ń wọ̀ ọ́. Èmi ni mò ń fọ bùjí, irin kékeré tí ń ṣáná sínú ẹ́ńjìnnì. Èmi ni mò ń fi rọ́bà di ibi tí omi bá ti ń jò. Lójú ọ̀nà oko Adakplamè, níbi tí ẹnì kan kì í ti í wò wá, ó kọ́ mi bí a ṣe ń wà á.

Àṣírí kan wà lára rẹ̀. Ìdérí táǹkì esáǹsì, epo tí ọkọ̀ ń mu, ti sọnù, Sìdíkù sì fi agolo ṣe méjì. Ọkọ̀ kò rìn jìnnà pẹ̀lú èyí àkọ́kọ́, àfi ìgbà tó fi ìṣó lu ihò sí àárín ìkejì. Ó ní táǹkì gbọ́dọ̀ mí. Ẹni tó bá ti lu ihò kan ṣoṣo sí agolo mílíìkì mọ̀ pé mílíìkì náà kì í dà dáadáa, àfi tí ó bá lu ìkejì tí atẹ́gùn á gbà wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni esáǹsì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹjọ yẹn, nígbà tí gbogbo ọkùnrin ilé lọ kírun, mo ṣí ìdérí oníhò kúrò, mo sì fi èyí tí kò níhò dí táǹkì náà pa. Mo fi oníhò pamọ́ sábẹ́ aṣọ nínú àpótí mi. Mo ní tí wọ́n bá há mi mọ́lé, kí ọkọ̀ náà há mọ́lé pẹ̀lú mi. Tó bá sú wọn tán, tí tàkàbá mi bá sì parí, màá dá ìdérí rẹ̀ padà, màá wà á lọ bá ìyá mi ní Kpankou.

Ó dùn mọ́ mi nínú, n kò ní purọ́. Gbàdàmọ́sí á ṣáná sí ọkọ̀, ọkọ̀ á jáde nílé pẹ̀lú ariwo, kò ní tíì kọjá Ìdènà lẹ́nu odi ìlú tí á fi kú. Wọ́n á ṣí táǹkì wò bóyá esáǹsì ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á tún dé e, ọkọ̀ á tún gbéra, á tún kú. Oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn lójoojúmọ́, wọn kò sì mọ̀. Àwọn èèyàn á bá a tì í wálé, wọ́n á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ̀ rẹ̀ ń bẹ̀rù oko.

Àràárọ̀ ni ó máa ń dúró lẹ́bàá fèrèsé mi kí ó tó lọ sóko. Á lu agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á ní, "Ìyàwó, ṣé o jí ire?" Èmi á dáhùn "Hùn" láti inú yàrá. Nígbà tó di oṣù kejì, n kò gbọ́ agogo mọ́, ìró ẹsẹ̀ ni mò ń gbọ́. Mo ní ó tọ́ sí i, kí òun náà fẹsẹ̀ rìn.

Ní oṣù kejì yẹn náà ni ó mú mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Firmin wá láti Pọbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Firmin fi tú ẹ́ńjìnnì lábẹ́ fèrèsé mi. Mò ń gbọ́ bí ó ṣe ń fi òòlù lu ohun tí èmi máa ń fi aṣọ nù. Ó ń dùn mí bí ẹni pé ara mi ni ó ń lù, ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mi mọ́. Ògiri yàrá náà ti sú mi. Mo ti mọ iye igi àjà tó wà lókè orí mi.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n jáde, Gbàdàmọ́sí wá dúró lẹ́bàá fèrèsé lọ́sàn-án. Ó ní àwọn àgbà ti ní kí àwọn alágbẹ̀dẹ wá tú ọkọ̀ náà láàárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n fi rọ ọkọ́ àti àdá.

"Ìyàwó, má bínú sí mi," ó ní. "Kí Ẹ̀gbọ́n tó kú, ó sọ lójú Àlùfáà pé ìwọ ló ni ọkọ̀ yìí, pé ọwọ́ rẹ ló gbé e ró. Ó ní kí n fi í gbé ọ lọ bá ìyá rẹ tí o bá parí tàkàbá. Mi ò sọ fún ọ torí mi ò fẹ́ fi òkú irin ta ọ́ lọ́rẹ. Mo fẹ́ kí ó máa rìn ná."

Mo bi í nípa ọ̀rọ̀ opó ṣíṣú. Ó ní òun kì í lè sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n òun ti lọ bá àwọn àgbà náà nílé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an, òun sì ti ní òun kò ṣe. Mo wá bi í pé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dà. Ó wo ilẹ̀. Ó ní Firmin kò lè ti Pọbẹ̀ wá lásán.

Mo lè dákẹ́. Mo lè dúró kí ó lọ kírun, kí n yọ́ jáde sí àgbàlá, kí n pààrọ̀ ìdérí náà, ẹnì kan kò ní mọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n ojú tì mí. Mo ṣí àpótí, mo na ìdérí oníhò sí i láti ojú fèrèsé, mo sì sọ ohun tí mo ṣe.

Ó yí i lọ́wọ́. Ó gbé ihò náà sójú, ó wò mí láti inú rẹ̀.

"Láti ọjọ́ wo?"

"Láti ọjọ́ kẹjọ, ọkọ mi."

Ó kúrò lójú fèrèsé. Mo gbọ́ nígbà tó ń dé táǹkì. Ọkọ̀ dún, ó jáde, mo sì ń fi etí tẹ̀ lé e. Ó kọjá Ìdènà, ó ń lọ, títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́. Kí a tó kírun Àṣárì ó ti padà dé. Ó dojú ọkọ̀ náà kọ ẹnu ọ̀nà àbájáde, ó gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sórí fèrèsé mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn alágbẹ̀dẹ kí wọ́n má wá mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, láti ìgbà tí mo ti kírun ni mo ti jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé. Mo ti ní ìdáhùn lẹ́nu, kì í ṣe "Hùn". Ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ dé, ó sì kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Oṣù mẹ́rin tí mo ti lò kò gùn tó ọjọ́ méjì yẹn, èmi àti kọ́kọ́rọ́ tí mò ń wò, tí n kò tíì lè lò.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí tàkàbá mi parí, èmi ni mo kọ́kọ́ kí i. Mo ní, "Ọkọ mi, ṣé ẹ jí ire?" Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró díẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ tó ń lọ sóko.