Ẹ̀rọ Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Àbúrò mi bímọ láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò sì dá. Dókítà ní òun máa fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, àfi kí èsì àyẹ̀wò ti láàbù kọ́kọ́ hàn lójú kọ̀ǹpútà wọ́ọ̀dù. Mo sáré lọ sí láàbù, níbi tí kọ̀ǹpútà méjì wà lórí tábìlì.

"Mo ti fi ránṣẹ́ tipẹ́, mà," ni ọkùnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò wí. "Ẹ wò ó, ó ti lọ."

Mo sáré padà sí wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì na ìka sí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. "Èmi ò rí nǹkan kan. Àbí ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ gbà á wá lórí bébà."

"Àwọn tó ń kó ẹ̀jẹ̀ pamọ́ ò gba bébà mọ́, mà. Ẹnì kan ti gbé bébà ẹlòmíràn lọ rí."

Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, Ẹ̀gbọ́n Wáyà ni gbogbo wọn ń pè é. Mo ti padà sí láàbù nígbà tó dé pẹ̀lú igi ìtayín lẹ́nu, ó nu ohun tó yọ láàárín eyín rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó fi ọwọ́ kan náà tẹ kọ̀ǹpútà.

"Ẹ rántí ìgbà tí a ń tún wáyà ńlá ṣe?" ó ní. "Ẹ̀rọ adarí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tó ń júwe ọ̀nà fún àwọn kọ̀ǹpútà, sọ fún èyí pé tó bá ń ránṣẹ́ sí wọ́ọ̀dù, kó gba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kékeré abẹ́ àtẹ̀gùn. Wáyà ńlá ti dára tipẹ́, àmọ́ ibẹ̀ náà ló ṣì ń gbà."

Ó mú wa lọ ṣí ilẹ̀kùn abẹ́ àtẹ̀gùn. Òórùn kọlù mí, mo fi ọwọ́ bo imú. Eku ti bímọ sórí ẹ̀rọ náà, ìtọ̀ wọn ti gbẹ mọ́ ọn lára, ọ̀kan ti kú há sáàárín wáyà, ìdin sì ń yí lára rẹ̀. Ẹ̀rọ ọ̀hún ò tan iná kankan.

"Àṣé òkú eku ni mo ń rán níṣẹ́ látàárọ̀," ni ọkùnrin láàbù wí. "Ṣé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ fún kọ̀ǹpútà kì í kú ni?"

"Ó yẹ kó máa kú," ni Ẹ̀gbọ́n Wáyà dáhùn. "Tó bá ṣe díẹ̀, ó yẹ kó gbàgbé, kó padà lọ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà. Tí ẹni tí wọ́n ní kó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ ò bá sì dáhùn, ó yẹ kó pa á tì lójú ẹsẹ̀. Èmi ni mo ní kí òun àtàwọn yòókù má gbàgbé mọ́. Tó bá ti ń gbàgbé, á dúró díẹ̀, ẹ̀yin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Ẹ ò jẹ́ kí n jẹun."

Ó rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ àti ihò abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn, n ò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Lọ pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́," mo ní.

Ó lọ pa á rẹ́. Ọkùnrin láàbù tún fi èsì ránṣẹ́, nígbà tí mo sì dé wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì ti ń gbé ẹ̀jẹ̀ kọ́. Ètè àbúrò mi funfun bí eérú. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi lajú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "kí ló ń rùn lára yín báyìí?"

Mo rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí ọkọ aláìsàn tó wà lórí ibùsùn kejì ń bi nọ́ọ̀sì pé èsì ìyàwó òun ńkọ́.

"Kò tíì dé, sà. Láàbù ní àwọn ti fi ránṣẹ́."

Mo dìde. Ẹ̀gbọ́n Wáyà ni mo pàdé lójú ọ̀nà, ó gbé ọ̀rá oúnjẹ dání.

"Kọ̀ǹpútà kejì láàbù ńkọ́?" mo bi í. "O ti pa tìyẹn náà rẹ́?"

"Ẹnikẹ́ni ò fi ìyẹn sùn mí, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹun."

Mo gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ gbé e kalẹ̀ sí ẹnu ilẹ̀kùn abẹ́ àtẹ̀gùn, mo ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ gbayawu.

"Tí gbogbo wọn bá ti ń gbàgbé bó ṣe yẹ," mo ní, "wá gbé e níbẹ̀."